Iná Èbúté àti Iná Bátìrì Nínú Ọkọ̀ Ìgbafẹ́

Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, pàápàá ní àwọn ìpínlẹ̀ tí adágún ńláńlá wà, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ni ó ní ọkọ̀ ojú omi tí wọn kì í fi pẹja, tí wọn kì í sì í fi kó ẹrù. Ìgbafẹ́ nìkan ni wọ́n rà á fún. Ibùsùn wà nínú rẹ̀, fíríìjì wà níbẹ̀, ààrò wà, fáànù sì wà. Bí ìsinmi bá dé, tọkọtaya àti àwọn ọmọ wọn a kó wọ inú ọkọ̀ náà, wọn a sì máa gbé inú rẹ̀ bí ẹni tí ó wà ní ilé. Ṣùgbọ́n bí ó bá di ọ̀ràn iná mànàmáná, ilé tí ó léfòó lórí omi kì í ṣe ẹgbẹ́ ilé tí ó dúró lórí ilẹ̀. Àṣìṣe tí yóò kàn ba fíríìjì jẹ́ nínú ilé lè pa ọmọ ẹlòmíràn nínú omi.

Ọ̀nà méjì ni iná fi ń wọ inú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Èkíní ni iná èbúté. Nígbà tí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀, tí a sì ti so ó, ẹni tí ó ni ín yóò fa okùn iná gígùn kan láti ara òpó kékeré tí ó wà ní etí èbúté wá sí ara ọkọ̀. Ní Amẹ́ríkà, agbára iná yìí jẹ́ fóòtì 120, okùn tí ó sì wọ́pọ̀ ni èyí tí ó lè gbé áńpíà 30. Èkejì ni iná tí ó ń ti inú bátìrì wá nígbà tí ọkọ̀ bá wà láàárín omi. Fóòtì 12 péré ni bátìrì ọkọ̀ sábà máa ń ní, iná rẹ̀ sì ń ṣàn sí ọ̀nà kan ṣoṣo, nígbà tí iná èbúté ń lọ tí ó sì ń bọ̀ ní ìgbà 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ̀rọ tí ó ń sọ iná bátìrì di irú ti èbúté ni ínfátà, èyí tí kò ṣàjèjì mọ́ ní Èkó tàbí ní Ìbàdàn, níbi tí ọ̀pọ̀ ilé ti ń lò ó nígbà tí iná bá lọ.

Ẹni tí yóò bá so wáyà sínú ọkọ̀ ní láti kọ́kọ́ mọ ìwà iná. Iná kì í jáde lọ láìpadà: ibi tí ó ti wá ni ó ń wá ọ̀nà láti padà sí. Wáyà mẹ́ta ni ó wà nínú okùn èbúté. Ọ̀kan ń gbé iná wá. Èkejì, tí àwọn oníṣẹ́ iná ń pè ní níútírà, ń gbé e padà. Ẹ̀kẹta ni áàtì, tí kò ní iṣẹ́ kankan ní ọjọ́ tí ohun gbogbo bá dára, ṣùgbọ́n tí ó jẹ́ ọ̀nà àsálà ní ọjọ́ tí ara wáyà bá bó, tí iná sì kan irin. Nínú ọkọ̀, a máa ń so áàtì yìí mọ́ irin ẹ́ńjìnnì, ẹ́ńjìnnì sì ni ó ń yí abẹ̀bẹ̀ irin tí ń ti ọkọ̀ síwájú nínú omi. Bí áàtì bá péye, iná tí ó ṣìnà yóò gba inú rẹ̀ padà sí èbúté, súìṣì ara òpó yóò sì já. Bí áàtì bá ti já, iná náà kò ní dúró. Inú omi ni yóò gbà.

Omi òkun ní iyọ̀, ó sì ń gbé iná ju ara ènìyàn lọ, nítorí náà iná sábà máa ń gba ẹ̀gbẹ́ ẹni tí ń lúwẹ̀ẹ́ kọjá. Ti adágún kò rí bẹ́ẹ̀. Omi rẹ̀ kò ní iyọ̀. Ara ènìyàn, tí ẹ̀jẹ̀ àti iyọ̀ kún inú rẹ̀, rọ iná lọ́rùn jù ú lọ, inú ara ni iná sì ń gbà. Èyí tí ó ń pani kò tó nǹkan. Bí a bá pín áńpíà kan sí ọ̀nà 1000, ìdá 10 péré nínú rẹ̀ lè mú kí apá àti ẹsẹ̀ kọ̀ láti gbọ́ràn, ẹni tí ó mọ̀ ọ́n wẹ̀ dáradára yóò sì rì láìké. Nígbà tí a bá gbé òkú rẹ̀ jáde, kò sábà sí àpá iná lára rẹ̀. Àwọn ènìyàn a ní omi ni ó gbé e lọ.

Ní ọjọ́ 4 oṣù Keje ọdún 2012, ọjọ́ tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń ṣe àjọ̀dún òmìnira wọn, ọmọbìnrin ọmọ ọdún 13 kan àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún 8, ń lúwẹ̀ẹ́ ní adágún Lake of the Ozarks ní ìpínlẹ̀ Missouri. Iná ti jò sínú omi níbẹ̀. Àwọn méjèèjì kú. Ní ọjọ́ kan náà, ní adágún Cherokee ní ìpínlẹ̀ Tennessee, irú iná bẹ́ẹ̀ kọlu àwọn ọmọkùnrin méjì mìíràn, àwọn náà sì kú. Ìpínlẹ̀ Tennessee ṣe òfin lẹ́yìn èyí, pé kí a kọ ìkìlọ̀ sí etí àwọn èbúté.

Ínfátà ní ìṣòro tirẹ̀. Iná èbúté àti iná ínfátà kò gbọdọ̀ pàdé nínú wáyà kan náà, ìbáà ṣe fún ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí wọ́n bá pàdé, ọ̀kan yóò máa lọ nígbà tí èkejì ń bọ̀, ti èbúté tí ó lágbára jù yóò sì jó ínfátà. Bí a bá sì yọ okùn èbúté nígbà tí ínfátà ń ṣiṣẹ́, iná lè wà lára eyín irin tí ó wà lẹ́nu ibi tí okùn ti ń wọlé, ọmọdé sì lè fọwọ́ kàn án. Nítorí náà ni a fi ń fi súìṣì sáàárín àwọn méjèèjì, irú ṣéńjóófà tí ó wà lára ògiri ilé ẹni tí ó ní jẹnẹrétọ̀. Ó gbọdọ̀ fi ọ̀kan sílẹ̀ pátápátá kí ó tó mú èkejì, ó sì gbọdọ̀ yí níútírà pẹ̀lú, kì í ṣe wáyà tí ń gbé iná wá nìkan.

Nípa níútírà yìí ni ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ tí ó mọ iṣẹ́ iná ilé dáradára ti máa ń ṣìnà. Ibì kan ṣoṣo ni níútírà àti áàtì ti gbọdọ̀ so pọ̀, ibẹ̀ náà ni orísun iná. Bí ọkọ̀ bá ń lo iná èbúté, orí ilẹ̀ ni orísun wà, orí ilẹ̀ náà sì ni ìsopọ̀ yẹn wà; kò gbọdọ̀ sí òmíràn nínú ọkọ̀. Bí ẹnìkan bá so wọ́n pọ̀ nínú ọkọ̀, iná tí ó yẹ kí ó gba níútírà nìkan padà yóò pín ara rẹ̀: díẹ̀ yóò gba níútírà, díẹ̀ yóò gba áàtì, ìyókù yóò sì ti ara irin ọkọ̀ bọ́ sínú omi. Gílóòbù yóò máa tàn, fáànù yóò máa yí, kò sì sí ẹni tí yóò fura. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá yọ okùn èbúté, ínfátà fúnra rẹ̀ di orísun, ìsopọ̀ náà sì gbọdọ̀ wà lọ́dọ̀ rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, súìṣì lè má já nígbà tí iná bá kan irin. Ínfátà tí a dìídì ṣe fún ọkọ̀ ojú omi ń ṣe ìsopọ̀ yìí nígbà tí ó bá ń ṣiṣẹ́, ó sì ń tú u nígbà tí iná èbúté bá dé. Kì í ṣe gbogbo ínfátà ilé ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó rà á sínú ọkọ̀ nítorí pé owó rẹ̀ kéré ti ra ohun tí kò mọ̀.

Àṣìṣe kan wà tí kò pani, ṣùgbọ́n tí ó pani lẹ́rìn-ín. Bí a bá so ṣájà bátìrì mọ́ wáyà tí ínfátà ń fún ní iná, bátìrì yóò máa fún ínfátà, ínfátà yóò máa fún ṣájà, ṣájà yóò sì máa dá a padà fún bátìrì, títí ooru yóò fi jẹ gbogbo rẹ̀ tán. Ara iná èbúté nìkan ni ó yẹ kí ṣájà wà.

Ọ̀ràn wáyà bátìrì kì í ṣe ẹ̀rín ní tirẹ̀. Ohun èlò tí ń lo wáàtì 1000 kò gbà ju áńpíà 8 àti díẹ̀ lọ lára fóòtì 120. Lára bátìrì fóòtì 12, áńpíà 83 ni. Bí a bá sì fi èyí tí ó ń ṣòfò nínú ínfátà kún un, yóò lé ní 90. Nítorí náà, wáyà tí ó lọ láti bátìrì sí ínfátà gbọdọ̀ nípọn, kí ó sì kúrú, fíúùsì sì gbọdọ̀ wà lẹ́bàá bátìrì gan-an. Bátìrì tí wáyà rẹ̀ kanra láìsí fíúùsì lè sun ọkọ̀ kí onílé tó ta jí. Bàbà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ púpọ̀ tí a lọ́ pọ̀ ni a ń lò, kì í ṣe ọ̀pá bàbà kan ṣoṣo bí ti inú ògiri ilé, nítorí pé ìgbì àti ẹ́ńjìnnì ń gbọn ọkọ̀, ọ̀pá kan a sì máa ṣẹ́. A kì í gbé ínfátà sí òkè bátìrì olómi, nítorí afẹ́fẹ́ tí ń jáde lára rẹ̀.

Àwọn kan wà tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ gé áàtì. Ìdí wọn kò ṣòro láti mọ̀. Nípasẹ̀ áàtì èbúté, irin ọkọ̀ gbogbo tí ó wà nítòsí ara wọn so pọ̀, omi sì sọ wọ́n di bátìrì ńlá kan. Irin ọkọ̀ kan yóò máa jẹ, kí ti ẹlòmíràn má baà jẹ. Owó ni wọ́n ń ṣọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kékeré kan wà tí a ń fi sáàárín áàtì, tí ó ń dí ọ̀nà fún iná kékeré tí ń jẹ irin, tí ó sì ń jẹ́ kí iná ńlá tí ó ṣìnà kọjá. Ẹni tí ó bá ní owó jù bẹ́ẹ̀ lọ lè ra tiransifọ́mà tí kò jẹ́ kí iná ilẹ̀ àti ti ọkọ̀ fara kanra rárá.

Súìṣì tí ń ṣọ́ iná tí ó ń jò tún wà. Ó ń fi iye tí ó wọlé wé iye tí ó padà, bí ìyàtọ̀ wọn bá sì tó ìdá 30 nínú 1000 áńpíà kan, yóò já kí ènìyàn tó ṣẹ́jú. Ìwé ìlànà iná ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti ọdún 2011 pàṣẹ irú olùṣọ́ bẹ́ẹ̀ fún àwọn èbúté ní ìdá 100; ti ọdún 2017 sọ ọ́ di 30.

Bí a bá rí i pé ara ẹni tí ń lúwẹ̀ẹ́ lẹ́bàá èbúté le gbagidi lójijì, kí ẹnikẹ́ni má ṣe bẹ́ sínú omi láti gbà á, nítorí iná kan náà ni yóò pàdé olùrànlọ́wọ́. Kí a sáré pa súìṣì ara òpó, kí a yọ okùn gbogbo ọkọ̀ tí ó wà nítòsí, kí a pa ínfátà wọn pẹ̀lú, kí a ju ohun tí ó léfòó sí i, kí a sì kígbe sí àwọn tí ó kù kí wọ́n lúwẹ̀ẹ́ jìnnà sí èbúté àti àkàbà irin rẹ̀.