Ẹ̀kọ́ Kíkà: Ìtọ́jú Fídíò Ilé Kí Ó Lè Pẹ́

Ẹ ka ẹ̀kọ́ yìí lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà, ẹ dáhùn àwọn ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀.

1. Kí ni fídíò ilé ń pa mọ́?

Ní Kétu, ní Sábẹ̀ẹ́, ní Àjàṣẹ́ àti ní àwọn ìlú wa tó wà ní Togo, ọ̀pọ̀ ayẹyẹ ni a ń yà sí fídíò: ìsọmọlórúkọ, ìgbéyàwó, ìsìnkú àgbà, ìjáde Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Àwòrán nìkan kọ́ ló wà nínú rẹ̀. Ohùn wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Bí ìyá àgbà bá ki oríkì ìdílé, tí a sì yà á, ọmọ tí a kò tí ì bí yóò gbọ́ ọ lọ́jọ́ kan. Bí fídíò náà bá bàjẹ́ lẹ́yìn tí ìyá àgbà ti lọ, ta ni yóò tún oríkì náà kì fún wa?

Ní ọdún 2001, UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ fún gbogbo ayé pé ó jẹ́ àjogúnbá tó yẹ kí a dáàbò bò. Ní ọdún 2008, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àjogúnbá aráyé. Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Togo ni wọ́n jọ ni ín. Orin, ijó àti ọ̀rọ̀ ẹnu ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́ fi ń rìn. Nítorí náà, fídíò tó wà nínú àpótí yín lè jẹ́ ìṣúra ìlú.

2. Kí ló ń ba fídíò jẹ́?

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú kásẹ́ẹ̀tì VHS. Ọdún 1976 ni ó kọ́kọ́ jáde ní ilẹ̀ Japan. Nínú rẹ̀, okùn ike gígùn kan wà, ó fẹ́lẹ́, ó sì tẹ́ bí rìbọ́ọ̀nù. A fi ohun tó dà bí àtè lẹ ìyẹ̀fun irin mọ́ ọn lára. Inú ìyẹ̀fun yẹn ni àwòrán àti ohùn wà. Ooru àti ọ̀rinrin ń ba àtè náà jẹ́. Èbu ń hù sí i. Eruku ọyẹ́ ń ha á.

Ìṣòro kejì ni ẹ̀rọ. Ilé iṣẹ́ Funai ní Japan, tí a mọ̀ pé ó ṣe ẹ̀rọ VHS kẹ́yìn, dáwọ́ dúró ní oṣù keje ọdún 2016. Kásẹ́ẹ̀tì lè dára, ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ bá tán, kò sí bí a ṣe lè wò ó. Ní ọdún 2019, UNESCO kìlọ̀ pé kí gbogbo ènìyàn yára da ohun tó wà lórí irú okùn bẹ́ẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Ọdún 2025 ni àwọn onímọ̀ dá gẹ́gẹ́ bí ààlà. Ẹni tí ó ní kásẹ́ẹ̀tì nílé kò gbọdọ̀ dúró mọ́.

Àwọn ohun tuntun náà ní àìsàn tiwọn. Oòrùn ń ba DVD tí a fúnra wa da fídíò sí jẹ́. Disque dur lè kú lójijì bí ó bá jábọ́. Clé USB kéré, ó rọrùn láti sọnù, kò sì dára kí a fi í sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún láìlò. Fóònù ń bọ́ sómi, olè sì ń jí i.

3. Fídíò ti parí. Kí ni a ó pa mọ́?

Ẹni tí ó ń to fídíò lórí kọ̀ǹpútà máa ń gé e, á lẹ̀ ẹ́ pọ̀, á fi orin àti orúkọ sí i. Lẹ́yìn iṣẹ́, ohun mẹ́ta ló wà lọ́wọ́ rẹ̀:

Èkíní, àwọn ègé àkọ́kọ́, bí a ṣe yà wọ́n gan-an.
Èkejì, ètò iṣẹ́, tí àwọn ayafídíò ń pè ní projet.
Ẹ̀kẹta, fídíò tí ó ti parí.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pa projet nìkan mọ́, wọ́n rò pé fídíò náà ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Projet dà bí ìwé tí a kọ orúkọ ẹ̀fọ́, epo, iyọ̀ àti ata sí. Ìwé yẹn kì í ṣe ọbẹ̀. Bí a bá pa àwọn ègé àkọ́kọ́ rẹ́, projet yóò ṣí, ṣùgbọ́n kò ní rí ohun tí yóò fi hàn. Nítorí náà, ẹ sọ fún ayafídíò yín pé kí ó mú odindi fídíò náà jáde ní MP4, èyí tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà àti fóònù lè ṣí. Kí ó mú un jáde ní èyí tó mọ́ jù lọ. Kí ó sì fún yín ní àwọn ègé àkọ́kọ́ pẹ̀lú.

Ẹ ṣọ́ra: èyí tí a fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp kọ́ ni ojúlówó. WhatsApp máa ń fún fídíò pọ̀ kí ó lè fúyẹ́, àwòrán rẹ̀ a sì dín kù.

4. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà

Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìpamọ́. Ẹ rántí nọ́ńbà mẹ́ta yìí: 3, 2, 1.

3: Ẹ ní ẹ̀dà mẹ́ta.
2: Kí wọ́n wà lórí oríṣi ohun ìpamọ́ méjì, bíi disque dur àti íntánẹ́ẹ̀tì, tàbí disque dur àti DVD.
1: Kí ẹ̀dà kan wà ní ilé mìíràn tàbí ìlú mìíràn.

Bí ẹ̀dà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá wà nínú yàrá kan, iná kan ṣoṣo lè jó gbogbo wọn. Bí ẹ bá ń gbé Kétu, tí àbúrò yín sì wà ní Kútọnu, ẹ fi ọ̀kan sọ́dọ̀ rẹ̀. Kí ẹ bá a pa tirẹ̀ mọ́ pẹ̀lú.

5. Ẹ kọ orúkọ sí i

Fídíò tí kò ní orúkọ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọnù. Ẹ fi ọdún ṣáájú, kí gbogbo wọn lè tò tẹ̀léra. Àpẹẹrẹ:

1994-08 Ìsìnkú Ìyá Àgbà, Kétu

Lẹ́yìn náà, ẹ mú ìwé àjákọ. Ẹ jókòó ti àgbà tí ó mọ ojú àwọn ènìyàn inú fídíò náà. Ẹ béèrè: Ta nìyí? Ọmọ ta ni? Orin wo ni wọ́n ń kọ? Ẹ kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ ìwé kọ, iṣẹ́ yín nìyí. Ẹ̀rọ lè pa ojú mọ́, ṣùgbọ́n kò mọ orúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àgbà náà pẹ̀lú bóyá gbogbo ènìyàn ló lè wò ó, nítorí kì í ṣe gbogbo nǹkan la ń fi han àlejò.

6. Àyẹ̀wò ọdọọdún

Igi gańgańran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ọjọ́ 27 oṣù kẹwàá ni UNESCO yà sọ́tọ̀ fún ohùn àti àwòrán tí a gbà sílẹ̀. Ẹ lè lo ọjọ́ náà. Ẹ so disque dur mọ́ kọ̀ǹpútà. Ẹ wo ìbẹ̀rẹ̀, àárín àti ìparí fídíò kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ̀dà kan bá bàjẹ́, ẹ fi èyí tó dára ṣe òmíràn. Bí disque dur bá ti tó ọdún 5, ẹ ra tuntun, kí ẹ da gbogbo rẹ̀ sí i.

Ní ti kásẹ́ẹ̀tì VHS, ẹ lọ bá ayafídíò tí ẹ̀rọ rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́. Kásẹ́ẹ̀tì wákàtí kan yóò gba wákàtí kan, kò sí ọ̀nà àbùjá. Bí ẹ bá rí èbu lára okùn rẹ̀, ẹ má fi sínú ẹ̀rọ, ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n nù ún kọ́kọ́ tọ́jú rẹ̀. Ẹ gba kásẹ́ẹ̀tì yín padà, ẹ má jù ú nù.

Ọ̀rọ̀ tuntun

Ẹ̀dà: ohun tí a ṣe láti ara òmíràn, tí ó sì jọ ọ́.
Àjogúnbá: ohun tí àwọn baba wa fi sílẹ̀ fún wa.
Disque dur: àpótí ìpamọ́ kékeré tí a ń fi okùn so mọ́ kọ̀ǹpútà.

Ìbéèrè

1. Kí ni ó ń ba okùn kásẹ́ẹ̀tì jẹ́?
2. Kí ló dé tí projet nìkan kò tó láti pa mọ́?
3. Kí ni ìtumọ̀ 3, 2, 1?
4. Wákàtí kan láti inú kásẹ́ẹ̀tì DV ń gba nǹkan bíi giga 13. Wákàtí mélòó ni disque dur giga 500 lè gbà?

Iṣẹ́ ṣíṣe

Ẹ wá fídíò kan nínú ẹbí yín. Ẹ kọ ọdún rẹ̀, ìlú tí a ti yà á, àti orúkọ ènìyàn márùn-ún tó wà nínú rẹ̀. Ẹ mú ìwé náà wá sí kíláàsì.