Ọrùn Ló Ń Ṣe Màmá Mi, Ọwọ́ La Ń Pa Róòbù Sí

Ẹ̀yin ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wa, inú ilé wa ni ọ̀rọ̀ tọ̀sẹ̀ yìí ti wá, àmọ́ ó kan Biology yín dáadáa, torí náà ẹ má kàn wo àkọlé kí ẹ sì kọjá.

Ata àti tòmátì ni màmá mi ń tà ní ọjà Ìkòtún. Láàárọ̀ kùtù, orí ni wọ́n fi ń ru apẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ọkọ̀ ti ń já ẹrù dé ìsọ̀ wọn. Ní sáà tó kọjá, àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún wọn àti ìka tó tẹ̀ lé e bẹ̀rẹ̀ sí í kú, bí ẹni pé èèrà ń rìn nínú rẹ̀. Ìrora á kàn já láti èjìká bọ́ sí apá bí iná mànàmáná. Àbúrò bàbá mi ní rọpárọsẹ̀ ló fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ìyá kan ládùúgbò ní ayé ni. Èmi ni mò ń fi Róòbù ra ọwọ́ náà lálaalẹ́, kò sì ṣe nǹkan kan.

Ohun kan ṣoṣo ló ń dẹ̀ ẹ́: tí wọ́n bá gbé ọwọ́ náà lé orí. Ẹ sì mọ̀ pé ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ló ń káwọ́ lérí. Gbogbo ìsọ̀ á pariwo: "Ìyá Aláta, ẹ sọ ọwọ́ yẹn kalẹ̀ o! A ò ní rógun ẹkún!" Wọ́n á sọ ọ́ kalẹ̀, ìrora á tún padà.

Nígbà tá a dé ilé ìwòsàn ìjọba ní Ìgandò, dókítà ní ká lọ rí físíò. Ìbéèrè tí físíò kọ́kọ́ bi wọ́n nìyí: "Mà, tí ẹ bá gbé ọwọ́ yẹn lé orí, ṣé ó máa ń rọ̀ yín?" Màmá mi wò mí, èmi náà wò wọ́n.

Ohun tó ṣàlàyé fún wa rèé. Eegun méje ló wà lọ́rùn èèyàn. (Àgùnfọn pẹ̀lú gbogbo gígùn ọrùn rẹ̀, méje náà ni.) Láàárín ọ̀pọ̀ nínú wọn, nǹkan rírọ̀ kan wà bíi tìmùtìmù. Nọ́ọ̀fù méjọ ń jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, àwọn tó wà nísàlẹ̀ ló ń lọ sí apá àti ìka. Tí ọjọ́ orí bá ń lọ, tìmùtìmù yẹn lè wú síta, tàbí kí eegun hù sí ẹ̀gbẹ́, kó wá fún nọ́ọ̀fù mọ́ ẹnu ọ̀nà tó ń gbà jáde. Ó dà bí ìgbà tẹ́nì kan tẹ rọ́bà omi mọ́lẹ̀ lẹ́nu ẹ̀rọ: ẹnu ẹ̀rọ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ wà, àmọ́ ẹ̀fọ́ òkèèrè ni kò rómi. Tí wọ́n bá gbé ọwọ́ lé orí, nọ́ọ̀fù náà máa ń dẹ̀ díẹ̀.

Ìka gan-an ló ń sọ èyí tí wọ́n tẹ̀. Àtàǹpàkò, nọ́ọ̀fù kẹfà ni. Ìka àárín, ìkeje. Ọmọńdinrín, ìkẹjọ. Lójú tèmi, èdè wa wà lára ohun tó ṣì wá lọ́nà. Iṣan là ń pe ọ̀nà ẹ̀jẹ̀, iṣan là ń pe èyí tó ń fa eegun, iṣan náà là ń pe nọ́ọ̀fù. Ẹni tó bá ti ní "iṣan ni", òróró ló kàn.

Wọn ò ṣe iṣẹ́ abẹ fún màmá mi. Físíò ní ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ máa ń lọ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan sí oṣù díẹ̀. Kí wọ́n má ru ẹrù lórí mọ́. Kí wọ́n lo oògùn tí dókítà kọ lẹ́yìn oúnjẹ. Kí wọ́n máa fa àgbọ̀n sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n sì máa fún pátákó èjìká méjèèjì pọ̀. Kí wọ́n má kàn dùbúlẹ̀ gbalaja. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta kò sí ìyàtọ̀, wọ́n fẹ́ jáwọ́. Ọ̀sẹ̀ keje ni ìka bẹ̀rẹ̀ sí í jí.

Ẹ̀yin ọkùnrin tẹ́ ẹ máa ń jẹ́ kí bábà yí ọrùn yín kó dún "kọ̀ọ́", ẹ gbọ́. Ihò tí WAEC fẹ́ràn láti béèrè lára eegun ọrùn, vertebrarterial canal, ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí ọpọlọ ló gba inú rẹ̀. Yíyí òjijì lè fà á ya, ìyẹn sì lè fa rọpárọsẹ̀ fún ọ̀dọ́ pàápàá. Ẹ sọ fún un pé irun lẹ wá gẹ̀ jàre.

Tí ọwọ́ bá ń jọ̀wọ́ nǹkan sílẹ̀, tí ẹsẹ̀ ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, tí ìtọ̀ ò gbọ́ràn, tàbí tí ọrùn gan pẹ̀lú ibà àti orí fífọ́, ẹ má dúró ní kẹ́mísì, ilé ìwòsàn ni. Ẹni tó já bọ́ lórí ọ̀kadà, ẹ má gbé e lórí sókè, ẹ jẹ́ kó wà bó ṣe wà títí ìrànlọ́wọ́ á fi dé. Ìgbóbì, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1945 nítorí àwọn sójà tó fara gbọgbẹ́ nínú Ogun Àgbáyé Kejì, ṣì ni ilé ìwòsàn eegun tó lókìkí jù l'Ékòó.

Bárò ni màmá mi fi ń kó apẹ̀rẹ̀ báyìí, wọ́n sì ń ráhùn lójoojúmọ́ lórí owó tí alábárò ń gbà. Ní Sátidé tó kọjá, wọ́n fi àtàǹpàkò yẹn ka owó ọjà tán. Wọn ò fún mi kà.