Ẹ Jẹ́ Kí Òjò Dá Ná
Ẹ̀yin ọmọ mi ní Bẹẹrẹ, Mápó àti Ọjà'ba, mo gbọ́ pé ẹ fẹ́ háyà bọ́ọ̀sì lọ wo ẹranko ní Old Oyo National Park. Ó dára, àmọ́ kì í ṣe nínú òjò yìí. Odò Ògùn a máa kún, koríko a sì ga bo àgbọ̀nrín mọ́lẹ̀. Ẹ dúró di ọ̀gbẹlẹ̀, nígbà tí ẹranko ń wá omi lọ sétí odò.

Bí òjò bá ká yín mọ́nà, ẹ sùn ní Ọ̀yọ́. Bí àgbàrá bá bo títì, ẹ má jẹ́ kí dírẹ́bà wọ̀ ọ́. Àwa tí ìkún omi odò Ògùnpa ṣojú wa lọ́dún 1980 mọ̀ pé omi ń gbé mọ́tò lọ. Ọgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti ń tọ́jú láti 1991 kò ní sá lọ.