Kókó Tí Wọ́n Gé Lára Yín, Ẹ Má Jẹ́ Kí Wọ́n Dà Á Nù

Nígbàkígbà tí a bá gbé tábìlì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ríru kalẹ̀ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ẹnì kan á fà wá sẹ́gbẹ̀ẹ́, á ká aṣọ sókè, á ní, "Ẹ bá mi wo kókó yìí." Púpọ̀ nínú wọn kì í ṣe nǹkan bàbàrà, ọ̀rá lásán ló dì síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìyá kan tó ń ta aṣọ ní Ìyànà-Ìba ló mú wa kọ èyí. Kókó kan yọ ní itan màmá. Ilé ìwòsàn aládàáni kan gé e, ojú rẹ̀ jinná, wọ́n sì da ohun tí wọ́n gé nù. Kò pé ọdún kan tí òmíràn fi yọ lójú ibẹ̀, ó tún tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ. Nígbà tí a sin màmá dé ọ̀dọ̀ àwọn oníṣègùn àgbà, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi wá ni pé, "Kí ni láàbù sọ nípa èyí tí wọ́n gé tẹ́lẹ̀?" A ò rí èsì fọ̀.

Jẹjẹrẹ ni àìsàn tí wọ́n ń bẹ̀rù. Èyí tó ń mú ẹran ara gan-an, ìyẹn iṣan, ọ̀rá, egungun àti òpójẹ̀, ni wọ́n ń pè ní sarcoma. Kò wọ́pọ̀ bíi ti ọmú, ṣùgbọ́n ẹ̀yà rẹ̀ ju 50 lọ, ibẹ̀ sì ni wàhálà wà. Bí dókítà bá fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wo wọn, ọ̀pọ̀ ló jọra: sẹ́ẹ̀lì tín-ín-rín, gígùn, bí ìrànwú tí àwọn ìyá wa fi ń ran òwú. Ojú lásán kò lè sọ èyí tó wá láti ara iṣan àti èyí tó wá láti ara òpójẹ̀.

Láyé àtijọ́, ilà ojú ló ń sọ ọmọ ibi tí èèyàn jẹ́. Sẹ́ẹ̀lì náà ní ilà tirẹ̀, purotéènì kan tàbí òmíràn tí irú rẹ̀ ń gbé kiri. Láàbù á gé ẹran náà ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọ́n á kán èròjà kan sí i tí kì í lẹ̀ mọ́ nǹkan mìíràn àfi àmì tí wọ́n ń wá. Bí àmì náà bá wà níbẹ̀, ojú rẹ̀ á di àwọ̀ ara igi. Desmin ń tọ́ka sí iṣan, CD31 sí òpójẹ̀. Ní ti sarcoma Kaposi, tí a mọ̀ mọ́ àwọn tó ní kòkòrò HIV, àmì kòkòrò HHV-8 ni wọ́n ń wá. Àmọ́ bí ẹlòmíràn ṣe lè kọ ilà tí kì í ṣe ti ilé bàbá rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àmì kan ṣoṣo lè tanni jẹ. CD34 máa ń hàn lára òpójẹ̀, ó sì ń hàn lára oríṣi kókó mìíràn. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń ṣe àmì bíi mélòó kan pọ̀, tí owó rẹ̀ fi ń gun òkè.

Ọ̀dọ́kùnrin kan mú èsì wá bá wa, ó ń sunkún torí pé ó rí "desmin positive". Ẹ fọkàn balẹ̀. Èyí kò jọ "positive" ti àyẹ̀wò HIV; ohun tó ń sọ kò ju pé àmì náà wà níbẹ̀ lọ.

Àwa oníṣẹ́ oògùn mọ ìdí tí orúkọ fi ṣe pàtàkì. Kókó kan wà tó ń yọ lára ikùn àti ìfun, GIST ni wọ́n ń pè é. Ní ìgbà kan rí, jẹjẹrẹ iṣan ìfun ni wọ́n kà á sí, oògùn jẹjẹrẹ tí wọ́n ń fà sínú ẹ̀jẹ̀ kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe nǹkan kan fún un. Ní 1998, Seiichi Hirota àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Japan fi hàn pé KIT, tí láàbù ń kọ bíi CD117, wà lára rẹ̀, ó sì ti bàjẹ́. Imatinib, oògùn oníhóró tí wọ́n ti ń lò fún irú jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kan, ló ń dí KIT yìí lọ́wọ́. Ní 2003 ni ilé ìwòsàn OAUTHC ní Ilé-Ifẹ̀, lọ́dọ̀ Ọ̀jọ̀gbọ́n Durosinmi, bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn aláìsàn ní oògùn náà lọ́fẹ̀ẹ́ lábẹ́ ètò ilé iṣẹ́ Novartis. Láti ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti ń wá nígbà náà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní GIST ní láti mú ẹ̀rí CD117 dání. Ẹni tí wọ́n ti da kókó tirẹ̀ nù, ibo ló ti fẹ́ rí ẹ̀rí?

Lẹ́yìn orúkọ ni ìpele. Ìlànà tí àwọn ará Faransé gbé jáde ní 1984 ni ọ̀pọ̀ ń lò: bí ẹran náà ṣe jọ ẹran ara gidi sí, 1 sí 3, iye sẹ́ẹ̀lì tó ń pín sí méjì, 1 sí 3, bóyá apá kan ti kú nínú rẹ̀, 0 sí 2. Bí àròpọ̀ bá jẹ́ 2 tàbí 3, ìpele kìíní ni. 4 tàbí 5, ìkejì. 6 sí 8, ìkẹta, tó le jù. Àmì Ki-67 máa ń fi sẹ́ẹ̀lì tó ń múra láti pín hàn. Ó ń ranni lọ́wọ́, kò gba ipò kíkà. Ìpele kẹta kò sì túmọ̀ sí pé àìsàn ti tàn káàkiri ara.

Ohun kan wà tó ń fa àríyànjiyàn láàárín wa. Àwọn ẹbí kan máa ń ní kí wọ́n gbé ẹran tí wọ́n gé fún àwọn lọ sin. A bi àwọn àlùfáà mọ́ṣáláṣí wa. Wọ́n ní kò sóhun tó burú nínú kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ sọ fún dókítà kó tó gé e pé ẹ máa fẹ́ èyí tó bá ṣẹ́kù. Èyí tí láàbù bá dì sínú ìda, bíi ti àbẹ́là, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀, torí ọdún mélòó kan sí i, wọ́n ṣì lè wá àmì tuntun lára rẹ̀.

Kókó tó bá ju 5 sẹ̀ǹtímítà lọ, tó ń dàgbà, tó jinlẹ̀ nínú ẹran, tàbí tí wọ́n gé tó tún yọ, kì í ṣe ti àgbo tàbí ti yàrá abẹ́rẹ́ àdúgbò. LUTH ní Ìdí-Àràbà tàbí LASUTH ní Ìkẹjà ni kí ẹ gbé e lọ. Níbikíbi tí wọ́n bá ti gé e, ẹ béèrè kí wọ́n tó gbé ọ̀bẹ: "Ṣé fọ́málínì wà nílẹ̀?" Fọ́málínì tí wọ́n ti pò ní ìdá 10 nínú 100 ni, kó tó ìlọ́po mẹ́wàá ẹran náà, nínú ike ẹlẹ́nu gbòòrò. Kì í ṣe omi ẹ̀rọ, kì í ṣe omi iyọ̀, kì í ṣe sípíríìtì. Omi ẹ̀rọ a máa jẹ́ kó jẹrà, àwọn àmì tí a ń wá á sì bàjẹ́ mọ́ ọn. Ilé ìwòsàn ni kó pò ó o, ẹ má dán an wò nílé, èéfín rẹ̀ ń ta ojú àti imú. Kí wọ́n kọ orúkọ, ọjọ́ àti ibi tí wọ́n ti gé e sára ike náà, kì í ṣe sórí ọmọrí rẹ̀, torí ọmọrí máa ń pààrọ̀. Tí èsì bá dé, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ sínú fóònù yín, pàápàá jù lọ nọ́ńbà tí láàbù kọ sókè rẹ̀. Nọ́ńbà yẹn ni wọ́n fi ń wá ẹran inú ìda náà jáde.