Ẹ fẹ́ ṣiṣẹ́ lórí dolphin? Ẹ kọ́ ìṣirò

Àwọn ọ̀rẹ́ mi rò pé inú omi la máa ń wà tọ̀sán-tòru. Irọ́ o! Ìdí kọ̀ǹpútà ni.

Ẹ wo dolphin tó ń jẹ́ Sousa teuszii. Láti Western Sahara dé Angola nìkan ló ń gbé, ó sì ṣeé ṣe kí gbogbo wọn má tó 3,000 mọ́. Báwo la ṣe ń ka ohun tó ń rì, tó ń yọ? Àpá ara lẹbẹ ẹ̀yìn wọn la fi ń dá wọn mọ̀ nínú fọ́tò. Ká ní a ya 50 lónìí. A padà lọ, a ya 40. 10 nínú wọn la ti rí tẹ́lẹ̀. 50 lọ́nà 40, ẹ pín in sí 10: nǹkan bí 200 ló wà níbẹ̀.

Àwọn míì ń fi kọ̀ǹpútà ka DNA awọ wọn, kí wọ́n lè mọ èyí tó bá èyí tan.

Àmọ́ bí àwọn kan bá ń sá fún ọkọ̀ wa ńkọ́? A jẹ́ pé wọ́n ju 200 lọ nìyẹn. Ibẹ̀ gan-an niṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀.