Ayé Ta Ni?

Oníwàásù kan ní Kpankou ló mú mi kọ èyí. Ó ń sọ̀rọ̀ àwọn baba wa nílẹ̀ Kétu, ó wá ní "ayé òkùnkùn" ni wọ́n gbé. Ọ̀rọ̀ náà gún mi létí. Ta ló gbọ́ ọ lẹ́nu wọn rí? Àwa tá a ní ojú wa là la sọ wọ́n lórúkọ yẹn lẹ́yìn ikú. Nígbà tí Àjàyí Crowther dé Kétu lọ́dún 1853, ìlú olódi ló bá, yàrà yí i ká, ẹnubodè tí wọ́n ń pè ní Àkàbà Ìdènà ń ṣọ́ ọ̀nà, Aláketu, ọba ìlú náà, ń bẹ lórí ìtẹ́.

Orúkọ ọba làwọn baba wa fi ń pe ìgbà wọn: "ayé lágbájá." "Ayé" níbí yìí kì í ṣe ilẹ̀ tá à ń tẹ̀. Ìgbà tí ẹnì kan fi jọba ni, tòjò tẹ̀ẹ̀rùn rẹ̀, tọjà togun rẹ̀. Ará Ọ̀yọ́ tó bá ní "láyé Abíọ́dún" kò ní í ka ọdún fún yín, ẹ ti mọ̀ pé ìgbà ọ̀pọ̀ ló ń wí. Ọba wàjà, ayé yẹn parí nìyẹn. Níbi tọ́mọ ilé ìwé ti ń béèrè ọdún, "ayé ta ni?" làgbà ń bi í.

Ní Kétu, ìbéèrè yẹn le ju bó ti le níbòmíràn lọ. Lọ́dún 1886, ọmọ ogun Glele, ọba Dàhòmì, fọ́ ìlú, wọ́n kó èèyàn lẹ́rú. Iṣu ń ta, òjò ń rọ̀, kò sí Aláketu. Ayé ta ni kí wọ́n wá pe ìgbà yẹn? Ogun ló kù tí wọ́n lè fi sàmì: kí ogun tó kó ìlú, lẹ́yìn tógun kó ìlú. Ìgbà tí Faransé ṣẹ́gun Béhanzin, ọba Dàhòmì tó jẹ lẹ́yìn Glele, táwọn tó ṣẹ́kù padà wálé, tí wọ́n sì fi ọba jẹ, layé tó tún ní orúkọ.

Ọ̀rọ̀ ìgbà ń yí padà, mo gbà. Látinú èdè Lárúbáwá ni "sànmánì" ti gba ọ̀dọ̀ Haúsá dé ọ̀dọ̀ wa, kò sì sẹ́ni tó ń pè é lálejò mọ́. "Ayé àtijọ́" náà ti borí: ọmọdé ń fi pe ìgbà Odùduwà, ó tún ń fi pe ìgbà tí orílẹ̀-èdè wa, Benin, ṣì ń jẹ́ Dahomey, ṣáájú 1975. Mi ò bá a jà mọ́. "Ayé òkùnkùn" ni mi ò ní gbà, kódà bí wọ́n bá ń wí i lórí àga ìwàásù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.