Ẹ Bèèrè Ihò Tí Kò Rí Wúrà

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọnú iṣẹ́ yíyẹ ilẹ̀ wò, bí ilé-iṣẹ́ kékeré kan bá kéde pé àwọn gbẹ́ ihò, àwọn sì rí wúrà, ihò tí wọn kò dárúkọ ni kí ẹ kọ́kọ́ bèèrè. Irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í sábà ní ibi ìwakùsà tó ń mówó wọlé. Owó àwọn tó ra ìpín ìdókòwò ni wọ́n fi ń gbẹ́lẹ̀, nítorí náà ihò tó dára jù ni wọn yóò gbé síwájú. Irọ́ kọ́ ni wọ́n pa, àmọ́ ọ̀rọ̀ kò tíì tán.

Ẹ wo àpẹẹrẹ yìí. Wọ́n ní mítà 20 ní gíráàmù 5 wúrà nínú tọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan, àti pé mítà 1 péré nínú rẹ̀ ní gíráàmù 95. Ẹ mú bírò. Ogún mítà lọ́nà 5 jẹ́ 100. Ẹ yọ 95 kúrò, 5 ló kù tí mítà 19 yóò pín. Kò tó gíráàmù 0.3 fún tọ́ọ̀nù kan! Iṣan tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n rí, òkúta lásán ló yí i ká. Iṣan náà lè níye lórí o, ṣùgbọ́n oyè mítà 20 kò tọ́ sí i.

Ẹ tún wo igun tí ihò fi pàdé iṣan. Bó bá jẹ́ dígírì 30, mítà 20 tí ẹ̀rọ là kọjá kò ju mítà 10 lọ ní fífẹ̀ gidi. Bó bá jẹ́ pé ṣe ni wọ́n gbẹ́ ihò tẹ̀lé iṣan lọ sísàlẹ̀, gígùn náà kò sọ nǹkan kan nípa fífẹ̀ rẹ̀. Ẹ ya àwòrán rẹ̀ fúnra yín. Ẹ fi gbogbo ihò sí àyè wọn, èyí tó rí àti èyí tí kò rí, kí ẹ wò bóyá iṣan inú ọ̀kan ló dé inú èkejì. Ẹni tó ka tábìlì èsì nìkan, tí kò yàwòrán, kò tíì yẹ ilẹ̀ wò lójú tèmi. Ihò òfìfo ló ń fi ibi tí wúrà parí sí hàn wá.

Wúrà tó ní hóró ńláńlá tún ṣòro. Hóró kan lè bọ́ sínú àpò òkúta kan tó ń lọ sí láábù, kí àpò kejì láti ojú kan náà ṣófo. Ẹ bèèrè àyẹ̀wò ẹlẹ́ẹ̀kejì. Ẹ bèèrè bóyá wọ́n fi òkúta tí kò ní wúrà rárá, àti èyí tí a ti mọ iye wúrà inú rẹ̀, sáàárín àwọn tó lọ sí láábù, àti ohun tí láábù sọ nípa wọn.

Ohun tí gbogbo wa kò gbọ́dọ̀ gbàgbé ni Busang, ní erékùṣù Borneo, ní Indonesia. Bre-X, ilé-iṣẹ́ Kánádà, ní wúrà tó lé ní áùnsì mílíọ̀nù 70 wà níbẹ̀. Àṣà iṣẹ́ wa ni pé kí a la ọ̀pá òkúta tí ẹ̀rọ fà jáde sí méjì, kí ìdajì lọ sí láábù, kí ìdajì kù nínú àpótí. Àmọ́ Bre-X fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ gbogbo tiwọn kúnná. Ní 1997, Freeport-McMoRan, ilé-iṣẹ́ ìwakùsà mìíràn, gbẹ́ ihò sí ẹ̀gbẹ́ ihò wọn, kò rí nǹkan gúnmọ́. Ní oṣù Karùn-ún ọdún náà, Strathcona, ilé-iṣẹ́ tí wọ́n pè láti yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ẹnì kan ti bu wúrà sínú òkúta náà kó tó dé láábù. Hóró wúrà náà dán roboto bíi wúrà odò. Ẹni tó bá bèèrè ìdajì kejì lásìkò ìbá ti mọ̀. Òfin NI 43-101 tí Kánádà ṣe ní 2001 lẹ́yìn ìyẹn ló mú un di dandan kí onímọ̀ kan tó tóótun fi orúkọ ara rẹ̀ dúró fún irú ìròyìn bẹ́ẹ̀.

Ẹ má sì kánjú. Ibi ìwakùsà wúrà Segilola, tí kò jìnnà sí Iléṣà, bọ́ sọ́wọ́ Thor Explorations ní 2016. Ní 2021 ni wúrà àkọ́kọ́ jáde, bẹ́ẹ̀ àwọn mìíràn ti gbẹ́ ihò níbẹ̀ ṣáájú wọn.

Owó ìfẹ̀yìntì ẹlòmíràn lè wà nínú ohun tí ẹ fọwọ́ sí. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fọwọ́ sí ìwé kankan láìjẹ́ pé ẹ dé ibẹ̀, tí ẹ sì fojú ara yín rí òkúta tó ṣẹ́ kù nínú àpótí.